Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Lámì

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Fúnlọ́lá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mayfair, ní Ifẹ̀. Ó gbé láptọ́ọ̀pù kan sábẹ́ aṣọ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ti rin gbingbin, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan kò kan láptọ́ọ̀pù náà.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń ṣí èyí tó bá ti tì."

"Ẹ káàsán, mà. Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ni ín ló kú."

Mo gbé àga fún un. Mo fún un ní tówẹ̀lì funfun kan tí mo fi ń nu ojú kọ̀ǹpútà, torí òun nìkan ló mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi nu láptọ́ọ̀pù kó tó nu ojú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín, Tolúwalàṣẹ. Àìsàn kíndìnrín ló pa á ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ náà.

"Ó sọ fún Màmá wa lórí bẹ́ẹ̀dì pé òun ti fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn sínú rẹ̀," ni Fúnlọ́lá wí. "Ó ní tóun bá ti délé, òun á fi hàn wọ́n. Kò délé."

Mo tan ẹ̀rọ náà. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.

"Ṣé ẹ ò kàn lè yọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ kó o sínú òmíràn?"

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Rédíò bàbá mi tó bàjẹ́ ni mo kọ́kọ́ tú palẹ̀ ní kékeré, mo to síkúrù rẹ̀ sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ibi tí oníkálukú ti wá. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi mí bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, n kì í lè fi ìdáhùn mọ níwọ̀n.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, mà. Bí ènìyàn bá pa nǹkan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, nǹkan náà kò tíì lọ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ẹrù ṣì wà nínú yàrá, títí ẹlòmíràn á fi kó tirẹ̀ dé. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n yín yàtọ̀. Ó ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ di àdììtú, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló lè tú u, ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn ló sì mú kọ́kọ́rọ́ náà dání. Mo lè dá ẹ̀rọ yìí padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó ti ilé-iṣẹ́ jáde. Ẹ ó lè lò ó. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ jù nù. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, eérú ni. Èmi náà ò lè sọ eérú di igi padà."

Mo gbádùn àlàyé yẹn nígbà tí mò ń ṣe é. Ojú ń tì mí báyìí tí mo bá rántí bí mo ṣe gbádùn rẹ̀ tó.

"Ẹ má dá a padà," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ náà."

Mo kìlọ̀ fún un pé tí a bá ṣì í ní àṣìjù, ẹ̀rọ náà á sé ara rẹ̀ mọ́lé. Nítorí náà a fẹnu kò: ọ̀rọ̀ mẹ́ta lóòjọ́, kò gbọdọ̀ lé.

Tíṣà Yorùbá ni Fúnlọ́lá, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ilare. Bí wọ́n bá ti jáde níléèwé, á wọkọ̀ wá sí Mayfair, á na ìwé pélébé kan sí mi.

"Àwọn tòní rèé. Àkọ́kọ́, orúkọ ajá tí ẹ̀gbọ́n mi sìn nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì."

"Kí lorúkọ ajá ọ̀hún?"

"Ẹ-jẹ́-n-sùn."

"Ó fẹ́ràn oorun ni?"

"Òun gan-an ni kì í jẹ́ kí àdúgbò sùn."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ọkàn wa jọ rẹ̀wẹ̀sì.

Báyìí ni mo ṣe mọ ilé wọn kí n tó débẹ̀. Mo mọ oríkì ìyá wọn. Mo mọ orúkọ ọmọge tó já Tolúwalàṣẹ jù sílẹ̀, mo mọ oúnjẹ tó kórìíra, mo mọ orin tó máa ń kọ ní balùwẹ̀. Ní oṣù kejì, bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà ti ń bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà wá. Fúnlọ́lá kò pè mí ní "sà" mọ́. Wahídì ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní Tíṣà mi.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lórí ìwé.

"Ẹ̀kẹta dà?"

"Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti láptọ́ọ̀pù."

"Ti ta wá ni?"

"Ti ẹni tó ń tún un ṣe."

"Wí i ká gbọ́."

Ó wo ojú pópó, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Wahídì."

"Ó ṣí," mo ní. "Ó ṣí o, Tíṣà mi. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gba fóònù rẹ̀, mo fi bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá sí i, èyí tó ní àmì ohùn.

"Gba èyí bí ẹ̀bùn ìfẹ́. Tíṣà Yorùbá tí kì í fi àmì sórí àtẹ̀jíṣẹ́, ẹjọ́ ni."

Ó fi fóònù gbá mi lápá. "Oníkọ̀ǹpútà mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń fi àmì sí ara pátákó! Jẹ́ kí ọwọ́ mi sinmi. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, á mọ ohun tí mo ń sọ."

Ó mú mi lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ilare. Màmá jókòó sí ìta ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìwó ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, mà, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ níbí ni wọ́n bí mi sí."

"Yunifásítì wo lo lọ?"

"Mi ò lọ, mà. Mo kọ́ ara mi níṣẹ́ ni."

Màmá ṣa òkúta kan, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹni tó kọ́ ara rẹ̀, ta ní ń bá a wí tó bá ṣìṣe?"

Fúnlọ́lá ní, "Màmá!" Màmá ní kò sí wàhálà, àwọn kàn ń béèrè ni.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n sọ èyí tó wà nínú wọn. "Abdulwaheed, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú pé o jẹ́ Mùsùlùmí. Ìyá tó bí mi gan-an, ó kéwú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi, n kò sì tíì gbọ́ ọ. Ẹ kò lè kó ẹrù ìdána wọ ilé tí òkú rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ẹ ṣí nǹkan yẹn ná. Tó bá sì jẹ́ pé kò ní í ṣí, kí èmi fi ẹnu ara mi sọ pé ó ti tó."

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi wà nínú láptọ́ọ̀pù òkú.

Oṣù márùn-ún kọjá. A ti dán ọ̀rọ̀ tó lé ní irínwó wò. Fúnlọ́lá ti rù. Nígbà mìíràn á kọ ọ̀rọ̀ tí a ti dán wò lóṣù tó kọjá, n kò sì ní í sọ fún un, mà á tún tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ àbúrò Màmá, wọ yunifásítì. Kò ní láptọ́ọ̀pù. Àwọn mọ̀lẹ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, pé èyí tó wà nílẹ̀ ń ṣòfò. Ẹ pa inú rẹ̀ rẹ́, kí alààyè lò ó. Màmá di báàgì, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ìpetumodù láti lọ ronú sí i.

"Mà á lọ bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀," ni Fúnlọ́lá wí. "Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní àwọn máa sọ bóyá ká pa á rẹ́ àbí ká má pa á rẹ́. Ìwọ ńkọ́, ìfẹ́ mi? Kí ni ìwọ fẹ́?"

"Ohun tí Màmá bá fẹ́."

Irọ́ ni. Mo ti lọ wo yàrá méjì kan lẹ́yìn ojú pópó Mayfair. Mo ti dúró láàárín yàrá náà, mo ti mọ ibi tí tábìlì Fúnlọ́lá máa wà.

Mo ní ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù. N kì í pa inú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni rẹ́ àfi tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé òun gbà, kó sì fọwọ́ sí i. Mo ti rí ọkùnrin tó sunkún nítorí fọ́tò ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n n kò gbé ìwé náà síwájú Fúnlọ́lá. Ta ní í sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó wá fọwọ́ síwèé?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, mo pa ohùn fóònù mi kí n tó wọ mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo jáde, mo rí i pé Fúnlọ́lá ti pè mí lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìpè náà. Mo rò pé ohun tí ìpè yẹn fẹ́ sọ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti sọ tán.

Ohun tó kọ rèé: "Ma pa a re o. A n bo."

Mo kà á. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun àti Ọ̀rẹ́olúwa ló ń bọ̀ wá gbé e, mo sọ lọ́kàn mi. Mo yára rìn.

Mo tan ẹ̀rọ náà, mo mú un dé ibi ìdápadà. Ó bi mí bóyá kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ irin béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo jẹ́ ènìyàn kò bi ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ńbà ń gòkè lójú rẹ̀. Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgbọ̀n. Mo gbá ṣọ́ọ̀bù. Mo fọ ife méjì. Ìgbà tó dé ọgọ́rin, mo ń súfèé.

Kò pẹ́ tó parí ni mo gbóhùn Fúnlọ́lá lẹ́nu ọ̀nà.

"Wahídì! Màmá ti rántí ọ̀rọ̀ náà! Mo pè ọ́, o ò gbé e, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ pátápátá lójú ọ̀nà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí mo yára tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé kó o má pa á rẹ́!"

Ó rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n mí hẹ́lẹ́, wọ́n mú ìwé ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì kan jáde láti inú báàgì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: YEYE O KU.

Ojú mi kọ́kọ́ kà á bí ọ̀rọ̀ ikú.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é," ni Màmá wí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣí ìkòkò lánàá, ó ní, 'Ọbẹ̀ ò tíì tán o, ó kù.' Àfi bíi pé wọ́n fọwọ́ gbá mi létí. Tolú! Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ti iléèwé dé, kì í kí èèyàn. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa pariwo, 'Yèyé, ó kù?' Oúnjẹ ló ń béèrè. Èmi náà á ní, 'Ó kù, ọmọ mi.' Kódà nílé ìwòsàn, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó bi mí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ibà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ̀ pé òun ni. Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè mí lọ́mọ wọn.

Fúnlọ́lá wo ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ sì kúrò. Ó yí láptọ́ọ̀pù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Kí ló kọ síbẹ̀?" ni Màmá bi í.

Fúnlọ́lá kà á fún wọn. "Ó ń kí wa káàbọ̀, Màmá. Ó ń béèrè orílẹ̀-èdè tí a ń gbé. Ó... ó ní kí lorúkọ wa."

"Kò mọ̀ wá mọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, mo ti pa á rẹ́."

Fúnlọ́lá gba fóònù mi lórí tábìlì, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ ara rẹ̀. Mo rí ètè rẹ̀ bó ṣe ń pè é lọ́nà méjì. Má pa á rẹ́ o. Máa pa á rẹ́ o. Lẹ́tà kan ṣoṣo, kò lámì lórí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù náà, wọ́n sì bi mí ní ohùn kékeré, bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀:

"Ṣé ó kù?"

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ mìíràn ni, ǹ bá ti ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n mo mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ní gbogbo ojú pópó yẹn.

"Kò kù, mà."

Wọ́n ká ìwé ètò ìsìn náà, wọ́n dá a padà sínú báàgì. Fúnlọ́lá dì wọ́n lápá mú, wọ́n sì lọ. Láptọ́ọ̀pù ṣì ń béèrè orúkọ wa.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti Ìwó, a jọ lọ sí Ilare lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹta, Màmá gbé omi fún wa mu.

"Mo ti dárí jì í, Alájì," ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "N kò ṣépè, n kò ní í ṣépè. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ilé yìí, ohun tí kò kù ni mo ń rí. N kò lè máa bu oúnjẹ fún un lójoojúmọ́ kí n máa rí ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó bínú sí mi."

Fúnlọ́lá ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn. Kò mú ìwé dání mọ́. Á jókòó, a ó máa wo ojú pópó.

"Èmi ni mi ò fi àmì sí i," ó wí lọ́jọ́ kan. "Èmi, tíṣà Yorùbá."

Mo lè dákẹ́. Ó ti fẹ́ bá mi gbé ìdajì ẹrù náà. Ṣùgbọ́n n kò lè fi irọ́ kejì fẹ́ ẹ.

"Kì í ṣe àmì nìkan, Fúnlọ́lá. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà ló kọ ọ́, ǹ bá ti pè é. Mo fẹ́ kó parí. Mo fẹ́ kí wọ́n fún mi ní ìwọ. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí ni mo ṣe kà á."

Ó yíjú sí mi.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìrìn tí o rìn láti mọ́ṣáláṣí débí, o lè pè mí nígbà mẹ́wàá nínú rẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Wahídì. Èyí tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ ọ, n ó máa bi ara mi pé èwo nínú ọ̀rọ̀ mi lò ń kà bó o ṣe fẹ́."

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí iléèwé mìíràn, lọ́nà Ìjẹ̀ṣà. Ó wá dágbére. Ó mú tówẹ̀lì funfun ọjọ́ òjò yẹn wá, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a, ó ti lọ̀ ọ́. N kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà láti ìgbà yẹn.

"Ọ̀rẹ́olúwa ń lo láptọ́ọ̀pù náà," ó ní. "Ó ní ó ń yára."

"Ó yẹ kó máa yára. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

A kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi díẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìfọwọ́sí ṣì wà, ṣùgbọ́n kò tó fún mi mọ́. Mo máa ń ní kí oníbàárà dúró níwájú mi kó fi ẹnu sọ ọ́, kí n gbọ́ bí ohùn ṣe lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tó lọ, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí Fúnlọ́lá. Mo bi í bóyá kí n dúró, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọjọ́ méjì kọjá kó tó fèsì. Mo gbé fóònù lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé kí n tó ṣí i.

Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tí mo fún un bí ẹ̀bùn ìfẹ́ ló lò, fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó wà ní ìhòòhò:

"Má dúró dè mí, olólùfẹ́ mi."

"A" kan ṣoṣo, àmì òkè sì wà lórí rẹ̀. Mo fẹ ojú fóònù náà títí àmì yẹn fi tóbi ju èékánná mi lọ.

N kò pè é. Ó kọ ọ́ dáadáa. Mo kà á dáadáa.